Ìdọ̀bálẹ̀ Ìgèdè

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo parí orin Ìkórè kan fún ohùn mẹ́rin. Òun ni ó gùn jù nínú gbogbo orin tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ láti ìgbà tí mo ti di olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa ní Òkè-Ìlá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu sí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ó sì rí i tí ó wú. Inú ìrora ni mo ti kọ ọ́, nítorí pé ìbàdí ọ̀tún mi ti ń jẹ mí láti ọdún mélòó kan. Ó ti dé ibi pé bí mo bá dúró darí orin ìsìn kan tán, n ó ní láti di ògiri mú kí n tó lè yí padà. Síbẹ̀ orin náà parí. Mo sì ti pinnu pé ní ọjọ́ tí a ó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, ọwọ́ tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò darí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni tí ó bá kàn gbà á.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà kí wọ́n là mí. Àwọn dókítà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé oríkèé tí ó so itan mọ́ ìbàdí mi ti jẹ tán, àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Mo ti ń sún un síwájú. Nígbà tí orin parí, mo wo iye oṣù tí ó kù kí Ìkórè tó dé, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé kí ó di ẹrù ilé ìwòsàn.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé nítorí ẹsẹ̀ ni, àbí nítorí orin?"

Mo ní kí ó di ẹrù.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìrora àtijọ́ tí ó ti ń bá mi sùn tí ó sì ń bá mi jí lọ pátápátá, bí àlejò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Èyí gan-an ni ó tàn mí. Obìnrin tí ó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní fisió, ti to òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. N kò gbọdọ̀ jókòó lórí àpótí tàbí àga tí ó lọ sílẹ̀. N kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ohunkóhun nílẹ̀. Ó ní irin náà ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹran àti iṣan tí ó yí i ká kò tíì mọ̀ ọ́n ní ará ilé. Bí mo bá tẹ ìbàdí ju bó ti yẹ lọ, yóò yọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ní kí àwọn akọrin tún ohùn wọn kọ fún mi, ó sì yìn mí.

Nílé, mo ṣe ohun gbogbo kọjá bí wọ́n ti ní kí n ṣe é. Wọ́n ní kí n máa rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rìn dé ẹnu géètì, ó sì di ìdí igi máńgòrò ilé kejì. Wọ́n ní kí n máa lo irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń tì síwájú. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀, mo mú ọ̀pá. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi bí mo ti ń kọjá, n kò sì lè purọ́ pé kò dùn mọ́ mi. Ọkùnrin kan tí ó ń ta páànù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní kí n jọ̀wọ́, kí n sọ ibi tí wọ́n ti ra irin tèmi, nítorí pé èyí tí òun ń tà kì í dáńgájíá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé mi ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ògiri kan ṣoṣo ni ó pààlà. Kò pẹ́ tí mo fi ń lọ sí ìdánrawò. Wọ́n gbé àga gíga kan kalẹ̀ fún mi, n kò jókòó lé e. Igbákejì mi, obìnrin kan tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo ti kọ́ ní orin láti kékeré, ni ó ti ń darí wọn nígbà tí mo wà lórí ibùsùn. Bí mo ti wọlé báyìí ni ó yà kúrò níwájú fún mi. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti dẹ orin náà lára ní ẹsẹ kejì, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe bí mo ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn kì í rí àyè mí ni."

Mo ní kí wọ́n kọ́ bí a ti í mí.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù kí n tó lè dúró níwájú ìjọ. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tí ó bá ti orí àìsàn dìde kì í jáde sí àwùjọ kí ó tó lọ fi ara han ẹni tí ó dàgbà jù, kí àgbà náà gbé ọwọ́ lé e lórí, kí ó sì súre fún un. Bàbá mi kò ré e kọjá rí, èmi náà kò sì ré e kọjá. Àgbà tí ó kù fún wa ni àbúrò ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, tí ó ń gbé ní Ìgèdè-Èkìtì. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò kí i lórí ìdúró rí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, irun mi ti funfun, mo ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kí àyà mi kan ilẹ̀, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kan.

Nínú ọkọ̀, lórí ìrọ̀rí tí wọ́n fi gbé mi ga, ìyàwó mi sọ fún mi pé n ó dúró kí ìyá náà ni, àti pé òun ti tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n sì ti gbà. Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí a wọlé, ìyá náà wà lórí àga kúkúrú rẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ń ti ẹ̀yìnkùlé wá. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Èmi dúró, mo fi ara ti ọ̀pá, mo sì kí i. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú láti súre. Ìsàlẹ̀ ni ó na ọwọ́ náà sí, sí ibi tí orí mi ti máa ń wà láti kékeré. Ọwọ́ náà ń wá mi nínú afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Ibo ni orí rẹ̀ wà?"

Bí ó bá ṣe pé ó bínú ni, ǹ bá fara dà á. Ṣùgbọ́n ó kàn ń wá orí mi ni. Mo ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tẹ orúnkún, mo na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ara gbà fún mi dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ni ohun kan dún nínú ìbàdí mi, kò dún sókè, bí ìgbà tí a bá fa ìdérí yọ lẹ́nu ìgò. Mo lọ sílẹ̀ gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí sínú, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́.

Ọwọ́ ìyá náà rí orí mi. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó fi oríkì mi kì mí, ó ní kí n dìde, ó ti tó. N kò dìde. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, n kò sì lè mira.

Ó kọjú sí ibi tí ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi orí kí àgbà. Mo ní kí ó dìde, kò dìde. Ulé rere ni ó ti jáde."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àgbà tí ó bá ń súre, a kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún orí mi, fún irin tí ó wà lára mi, fún àwọn ìbejì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àti fún ìyàwó tí ó ń tọ́jú mi. Mo wà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lórí sìmẹ́ǹtì tútù, mo ń wo ẹsẹ̀ àga rẹ̀, òógùn sì ń bo ojú mi. Níbi tí àmín bá ti yẹ, mo ń ṣe àmín. Gbogbo ilé ń bá mi ṣe é. N kò tíì rí túbú tí ó dà bí èyí, tí wọ́n fi ìre kọ́.

Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti gbọ́ mi ní ìjókòó akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ̀ pé ohùn mi kì í yà. Ó gbọ́ àmín mi tí ó ga ju ti gbogbo ilé lọ, tí ó sì tún já wálẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí, ẹ dá àdúrà dúró. Ohùn ọkọ mi ti kúrò lójú ọ̀nà."

"Ta ni ó ń dá àdúrà mi dúró?"

"Èmi ni, mà. Ẹsẹ̀ wọn ti yọ."

Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò lórí mi, ó ní, "Nítorí tèmi?"

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n gbé mi lé e, wọ́n sì gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí ó ń kó iṣu lọ sí Adó. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi oògùn mú mi sùn, wọ́n fa irin náà padà sí ipò rẹ̀. Dókítà kò bá mi wí púpọ̀. Ó ní bí ó bá ti yọ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣòro fún un láti tún yọ. Wọ́n de bẹ́líìtì líle kan mọ́ mi láti ìbàdí dé itan, ó sì sọ fún mi pé kí n má ṣe retí àti dúró kí Ìkórè tó kọjá.

Nígbà tí wọ́n gbé mi padà sílé, wọ́n tẹ́ ibùsùn mi sí ẹ̀bá fèrèsé tí ó kọjú sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni mo ń fi lélẹ̀, ìrọ̀rí wà láàárín ẹsẹ̀ mi, n kò sì lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì láìpe ènìyàn. Ìwé mi kún ara ògiri mẹ́ta nínú yàrá náà, gbogbo wọn sì wà ní ibi tí ọwọ́ mi kò tó. Èyí tí wọ́n bá gbé fún mi, mo ní láti gbé e sókè ojú títí apá yóò fi máa gbọ̀n. Bí àwọn akọrin bá dé, mo ń gbọ́ gbogbo àṣìṣe wọn. Mo ń fi ìka lu pákó ibùsùn láti fi eré orin hàn wọ́n, bí ẹni tí ó ń pe ọkọ̀ tí ó ti kọjá. Ìyàwó mi fẹ́ pa fèrèsé náà dé, mo kọ̀.

Ní ọjọ́ kan, igbákejì mi wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí a gbé orin náà dúró di ọdún tí ń bọ̀?"

Mo mọ̀ pé àánú mi ni ó ń ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé e dúró. Láti ọjọ́ náà, orin Ìkórè àtijọ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́yìn ògiri. Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo ti ara mi mọ́lé lẹ́ẹ̀kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ti Ìgèdè ṣe bá ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé e wá ní ọ̀sán ọjọ́ ìdánrawò kan, ó ní àdúrà òun kò tíì parí. Mo ní kí ó má bínú, n kò lè dìde.

Ó ní, "Ta ní kí o dìde? Ọwọ́ ni ó ń wá orí, orí kì í wá ọwọ́." Ó ń fọwọ́ wá orí ìrọ̀rí títí ó fi rí mi, ó sì mú àdúrà náà láti ibi tí ó ti já. Nígbà tí ó ṣe tán, ó tẹ́tí sí fèrèsé, ó béèrè bóyá orin mi nìyẹn. Ìyàwó mi sọ fún un pé rárá, orin náà ń dúró de ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Uṣu tó ti jinná, wọ́n ń jẹ́ kó tutù nítorí pé ẹni tó gbìn ín ń ṣàìsàn? Wọn a gún un, wọn a bu tirẹ̀ wá fún un lórí ẹní."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe igbákejì mi, mo ní kí wọ́n padà sí orin náà. Ọ̀pá ìdarí mi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi ń darí orin, n kò fún un. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ní ọjọ́ Ìkórè, mo gbọ́ orin mi láti orí ibùsùn. Ẹsẹ kìíní lọ bí mo ti kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, igbákejì mi dẹ ẹ́ lára, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìka mi ti ṣáájú wọn lórí pákó. Mo dúró dè wọ́n. Wọ́n mí, gbogbo ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbọ́ èémí náà láti òdìkejì ògiri. N kò mọ̀ pé àyè wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́. Láti ibẹ̀ títí dé òpin, tiwọn ni ìka mi ń tẹ̀ lé.

Mo ti ń rìn nísinsìnyí, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́ láyé mi. Bí mo bá lọ sí Ìgèdè, ìyá náà ni wọ́n ń gbé dìde kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó orí mi, ojú sì ń tì mí ní gbogbo ìgbà.

Orin náà àti ọ̀pá ìdarí, mo fi lé igbákejì mi lọ́wọ́ lẹ́bàá fèrèsé lẹ́yìn Ìkórè, nígbà tí bẹ́líìtì ṣì wà lára mi, ní ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá.