Òòfà Tí Wọ́n Fún Mi fún Wárápá

Òórùn irun tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo jókòó nídìí máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Barnawa, ní Kaduna, mò ń ran bùbá Hajia Ladi, oníbàárà mi. Mo wo áyọ́ọ̀nù, kò gbóná. Nǹkan kan ru láti ikùn mi wá sí ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ilẹ̀ ni mo wà, ahọ́n ń ta mí, Hajia sì gbé orí mi lé itan rẹ̀.

"Sannu, Màmá Dúpẹ́. Sannu." Ó ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní èdè Hausa.

Àwọn oníbàárà yòókù ti sá. Wọ́n rò pé itọ́ oníwárápá máa ń ràn. Kì í ràn. Dókítà ṣàlàyé pé iná tín-ín-tín ni ọpọlọ fi ń bá ara sọ̀rọ̀. Bí púpọ̀ nínú rẹ̀ bá tàn pa pọ̀ lójijì, gìrì dé nìyẹn. Bó bá mú ẹni yín, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ dúró tì í.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù títí mo fi mọ iye aláǹgbá tó ń gbé lára ògiri. Síbẹ̀, ó ń gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, kò jẹ́ kí n dá nìkan dáná mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní London, ló gbọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun kan, ó sì ṣètò ìrìn àjò mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Wọ́n fi í sábẹ́ awọ àyà mi lápá òsì, wọ́n sì fi wáyà rẹ̀ wé iṣan kan lọ́rùn mi tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á ta iná díẹ̀ sí i. Wọ́n fún mi ní òòfà tí mò ń so mọ́ ọrùn ọwọ́: bí òórùn irun yẹn, tó máa ń ṣáájú gìrì, bá dé, kí n fi í gba àyà mi kọjá, ẹ̀rọ á ta iná mìíràn.

"Kò ní wò ó tán," dókítà sọ. "Ó lè dín in kù. Ẹ ní sùúrù."

Ojú ọgbẹ́ dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà sí Kaduna, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Gbogbo abẹ́rẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń fò mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Dúpẹ́ kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pamọ́ fún mi, kí òòfà má baà pa orin rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì ń ṣiṣẹ́, ohùn mi á ha. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá akọrin wa gbé mi lọ sáàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rin, wárápá kò yí padà. Mo sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé aṣọ lọ fún Hajia ní Kinkinau, òórùn náà dé. N kò lè gbé ọwọ́ mi. Hajia, tí mo ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn, gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fi òòfà gba àyà mi. A dúró. Òórùn náà rọra lọ, bí èéfín tó jáde lójú fèrèsé.

"Ya tafi?" Ṣé ó ti lọ?

"Ó ti lọ, Hajia!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "To, ó dáa, ẹ wá wọn aṣọ mi."

Láti ìgbà náà, wárápá ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì ń wá, bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì. Mo ṣì ń lo oògùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá ara mi jà bí ẹni pé òun ló dà mí. Mo ti wá mọ̀ pé ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ìgbà tó ṣubú tí kò tún gbé mi dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí mo bá ń wẹ̀ láàárọ̀, màá fọwọ́ lé àpá àyà mi, màá kí i: ara mi, o kú iṣẹ́.