Ìyá Ràhímà Ló Dúró Lé Irin Mi

Ẹ dákun, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí pápá ní Sátidé tó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa rò ó fún!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Agbowó mọ̀ pé eré sísá ni mo yàn láàyò. Ọgọ́rùn-ún mítà. Ọdún yìí ni ọdún ìkẹyìn tí ọjọ́ orí mi ṣì gbà kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sá a fún ìpínlẹ̀ wa. Àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n fẹ́ mú. Bàbá mi sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí wọn ò bá mú mi, kí n wá ẹni fún ní bàtà tí mo fi ń sáré.

Pápá tí a ti sá a, lágbègbè Ring Road, ti gbó. Irin tí a máa ń fẹsẹ̀ tì nígbà tí a bá fẹ́ gbéra, tí wọ́n ń pè ní starting block, ìṣó ìdí rẹ̀ kò mú ilẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kálukú ló ń mú ẹni tó máa dúró lé irin rẹ̀ wá láti ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Èmi wá mú ta ni? Àbúrò mi Títí, tí atẹ́gùn lásán lè gbé dé Dùgbẹ̀!

Ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n yìnbọn, mo fi gbogbo agbára ti irin. Irin sá sẹ́yìn, Títí fìdí jókòó, èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbá ilẹ̀. Orí ló yọ mí tí mo fi lé àwọn yòókù bá, èmi ni mo sì gbẹ́yìn nínú àwọn tó wọ àṣekágbá.

Ṣé ẹ rántí òfin Físíìsì tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, pé bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á tì ọ́ padà bákan náà? Mo ti kọ́ ọ sórí bí orin. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tó ń sáré, ẹ̀yìn ló ń tì. Ohun tó wà lẹ́yìn yẹn ló ń tì í lọ síwájú. Bí ohun náà bá wá ń yẹ̀ fún un ńkọ́? Gbogbo irin wúwo tí mo ń gbé ní Bódìjà kí ẹsẹ̀ mi lè lágbára, àṣé ńṣe ni mo ń ran starting block yẹn lọ́wọ́ láti sá!

Ẹni tó wúwo ni mo nílò, ẹni tí kò ní tètè mira. Kóòṣì mi wà níparí lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo aago, wọn ò sì lè kúrò níbẹ̀. Mo bẹ ọkùnrin kan tó ń ta omi tútù, ó ní òun ò lè fi ọjà òun sílẹ̀. Mo bẹ ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó ní kí n má kó bá òun. Wọ́n ti ń pe orúkọ wa! Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn, èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ni mo bá rí Ìyá Ràhímà. Ẹja ni wọ́n ń tà ní Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n sì sanra dáadáa. Ràhímà ọmọ wọn wà nínú àwọn tí mo fẹ́ bá sá àṣekágbá náà. Kóòṣì tirẹ̀ ló ń dúró lé irin fún un. Ṣé èèyàn lè bẹ irú ìyá bẹ́ẹ̀? Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi dúró lé irin mi. Àbúrò mi ò wúwo tó."

Wọ́n wo ọmọ wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí ẹlòmíì bẹ̀ ni?"

"Mo ti bẹ̀ wọ́n tì, Mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ irin náà.

Ẹ̀rù bà mí gan-an! Mo tẹ̀ ba, mo ń rò ó pé bí wọ́n bá kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí, mo gbé. Ta ló máa mọ̀? Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni ọmọ wọn wà.

Wọ́n yìnbọn. Mo ti irin. Kò mira rárá! Mo fò jáde, mo sá a bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tí mo kọjá ìlà, ara kọ̀, kò fẹ́ dúró mọ́, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ ti ògiri.

Ipò kẹrin. Wọ́n mú mi!

Ẹ wá bi mí pé ta ló ṣe ipò karùn-ún. Ràhímà ni. Àyà lásán ni mo fi ṣáájú rẹ̀.

Mo padà síbi tí a ti gbéra, n ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyá Ràhímà ń nu àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tí irin ti bó, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ bínú sí?

"Bí mo bá yẹsẹ̀, wàá ṣubú," wọ́n ní. "Ọmọ ta ni mo fẹ́ kó ṣubú?"

Wọ́n mú ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń tiro lọ sí ẹnu géètì. Ràhímà ò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí ẹ bá rí ẹni tó ń sáré lọ síwájú, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò yẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó dùn ún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dúró lẹ́yìn tiyín bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Lọ́la ni mò ń lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ fún ìyá. Ti Ràhímà ni n ò tíì mọ̀.