Iná Pupa Nínú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi. Òórùn òrí àti ọṣẹ ọmọ ni àwọn ẹlòmíràn máa ń rántí. Nílé tiwa ní Ìdógò, ọkọ̀ Bàbá ló kọ́kọ́ kí ọmọ náà káàbọ̀.

Tíṣà ìṣirò ni Bàbá wa. Yàtọ̀ sí kó fi omi fọ ọkọ̀, mi ò rí i kó ṣe nǹkan kan sí i rí, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, kò sí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ tó o láti Ìlaró títí dé Ìdí-Ìrókò. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ náà fi ń ké gbàjarè, tí Bàbá sì ń bá a túmọ̀ igbe rẹ̀. Iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán bátìrì ń tàn níwájú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń wakọ̀. Ó ní ọ̀ṣọ́ ni. Iná iwájú ọkọ̀ ń ṣe bàìbàì bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Ó ní gíláàsì ló dọ̀tí, ó sì ní kí n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Rédíò tó máa ń sọ Faransé láti òdìkejì ibodè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ó rẹ àwọn ará Kútọnu ni. Nígbà tí ọkọ̀ kò sítáàtì mọ́ láàárọ̀, ó ra bátìrì tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ fi ṣe dáadáa, Bàbá sì ń rìn nínú àgbàlá bí ọba tó togun dé.

Màmá ń ta gààrí, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Òun ló kìlọ̀ fún un. "Bàbá Bísí, ẹ ti ra bátìrì tuntun, iná pupa yìí ṣì ń wò wá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko."

Èmi Bísí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fi tèmi kún un pé rédíò tún ti ń kú lọ. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àkísà tí Bàbá ní nígbà náà, táyà mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. A kó sínú ọkọ̀, ó di ọ̀nà ọsibítù ní Ìlaró; èmi wà lẹ́yìn, mo gbé báàfù ẹrù ọmọ lé ẹsẹ̀. Wáípà ń rìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ nígbà tó ń jẹun. Bàbá tẹ fèrè, ohùn ewúrẹ́ tí òtútù mú ló jáde. Lẹ́yìn náà ni òórùn yẹn dé.

"Ẹnìkan ń sun táyà nítòsí," ni Bàbá wí.

"Nínú òjò yìí?" ni Màmá bi í.

Kò tíì dáhùn tí ọkọ̀ fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú sáàárín oko ẹ̀gẹ́. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò sí èsì. Màmá di ìjókòó mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bú sẹ́kún. Bàbá bọ́ sínú òjò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ kọ. Ó fọwọ́ kan wáyà kan, ó tún fi í sílẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan wà tí Bàbá ò lè túmọ̀.

Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ dé. Àgbẹ̀ arúgbó kan tó mọ Bàbá, Àlàájì, ló ń wà á. Ó gbé èmi àti Màmá síwájú, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má yọjú wo ọkọ̀ wa.

"Tíṣà, bátìrì kọ́," ló wí. "Ọtanétọ̀ ni, èyí tó ń ṣe iná fún bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ó ti kú. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń rùn yìí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ra ìkòkò omi tuntun, tí ẹ ń bu omi inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì pọn sí i. Ṣé iná pupa kankan ò tàn ni?"

Bàbá ń wo bàtà rẹ̀. Mo ya ẹnu láti bá a dáhùn, Màmá sì ṣáájú mi.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣàánú mi! Ṣé ẹ fẹ́ parí ẹ̀kọ́ yín kí ọmọ tó dé ni?"

A fi Bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀, a dé ọsibítù, a kò sì jókòó pẹ́ tí ọmọ fi ké. Ọ̀kadà ló gbé Bàbá dé, gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Ìyá Bísí, má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n ni."

"Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n," ni Màmá fèsì. "Ẹ wá gbé ọmọ yín."

Ó gbé e, ó sì sunkún, kò sì wá ìtumọ̀ kankan fún ẹkún náà.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́kàn mi pé bí mo bá dàgbà, ohun tí mi ò bá mọ̀, màá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọdé ọlọ́gbọ́n ni mí nígbà náà. Mo ti ju ọjọ́ orí Bàbá ìgbà yẹn lọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè ìdí tí omi òkun fi níyọ̀, tí ti odò Yewa kò sì ní. Mo ronú títí. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní kó lọ fọ abọ́.