Àgbo Àsunwọ̀n Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mu

Bí mo bá rí àsunwọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà, tí òdòdó rẹ̀ nàró bí àbẹ́là, àárò ilé wa ní ẹ̀yìn oríta Tákíè á sọ mí gan-an.

Ìgbà SAP ni, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, oògùn òyìnbó wọ́n bí ojú. Làpálàpá yọ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́rùn nígbà tí ìdána rẹ̀ ti sún mọ́lé. Àwọn àna ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ìyá ọkọ ni yóò sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí. Ó ní bí wọ́n bá rí ọrùn òun, wọn ò ní fẹ́ òun mọ́.

Ìyá tó bí ìyá wa kó ewé àsunwọ̀n wá láti Ìkòyí-Ilé. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ló ń gún un, tó ń fi í ra ọrùn náà. Ó máa ń ta ẹ̀gbọ́n mi débi pé á máa jó bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ìyá àgbà á ní, "Rọra, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dán oje ewé náà wò lára kòkòrò tó ń fa làpálàpá, wọ́n sì rí i pé ó ń dá a dúró. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó bá mu ún, ìgbẹ́ ni yóò máa yà. Nílé tiwa, ẹ̀jẹ̀ la máa ń di ẹ̀bi gbogbo rù. Eéwo sọ, ẹ̀jẹ̀ ni. Ara ń yún wa, ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tí ìdána ku ọ̀la, tí àpá díẹ̀ ṣì kù, ẹ̀gbọ́n mi yọ́ ewé náà sè, ó sì mu ife ńlá kan kó lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àna ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sá lọ sí ṣálángá. Ó padà dé, ó tún sá lọ. Ìyá ọkọ wo ìyá wa.

"Ẹ dákun, ṣé kò sí nǹkan nínú ọmọ wa yìí?"

Ilé àlùfáà ni wọ́n ti wá. Oyún kí wọ́n tó so yìgì, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó fa ìborùn rẹ̀ kúrò.

"Wọ́láhì, Màmá, kì í ṣe oyún. Làpálàpá ni. Àgbo rẹ̀ ni mo mu."

Ìyá ọkọ fi ìka tẹ ọrùn náà. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá àgbà, ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Làpálàpá bo ojúgun rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ lára èmi náà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ewé yẹn ṣẹ́ kù?"