Ọjọ́ tí A Gbé Ọwọ̀ Lọ Gba Fèrè

Adùn kúlíkúlí ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ fèrè. Nígbà náà, Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, eruku katakata kò jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára ẹnikẹ́ni. Tísà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó wá ṣiṣẹ́ ìjọba, ń kọ́ àwa ọmọ tálákà lórin lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ Onítẹ̀bọmi. Fèrè mẹ́ta péré ló ní, àwa sì pọ̀. Bí ó bá kan ẹnìkan láti fọn ún, dandan ni kó mọ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ jẹ lọ́sàn-án. Ọmọ aláta kan wà tí ẹ̀rù ẹnu rẹ̀ máa ń bà wá. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé kò ju fèrè tí yóò jẹ́ tèmi nìkan.

Dò-re-mí ni tísà fi ń kọ́ wa ní nǹkan méjì pa pọ̀: orin, àti ohùn Yorùbá, nítorí Minna ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wa sí, Háúsá ló sì yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Èmi ni mo ń ṣe bí ẹni mọ Yorùbá jù, torí pé ìyá mi kì í sọ nǹkan mìíràn nílé. Ẹ kò rí ìgbéraga.

Bàbá agbaṣẹ́ṣe kan, ará Ọ̀yọ́ tó kọ́lé sí àdúgbò Bosso, wá ní òun fẹ́ gbọ́ wa. Bí a bá wu òun, òun yóò ra fèrè fún gbogbo wa. Bí a kò bá wù ú, ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn, nítorí ọ̀kan nínú fèrè mẹ́ta náà ti là. Tísà kìlọ̀ fún wa títí. Ó ní, "Lọ́la, kí kálukú mú ọ̀wọ̀ dání lọ síwájú bàbá. Ẹni tí kò bá ní ọ̀wọ̀ kò ní gba fèrè."

Bí a ṣe jáde, ọmọ aláta fà mí láṣọ, ó fi Háúsá bi mí pé kí ni ọ̀wọ̀. "Mene ne ọ̀wọ̀?"

"Tsintsiya mana," ni mo dá a lóhùn. Ìgbálẹ̀ kẹ̀. Ọwọ̀ ìyá mi ni mo mọ̀. Nílé wa, ojoojúmọ́ ni ọwọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ̀ ni kì í yà sọ́dọ̀ wa.

"Kí la fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọ náà rò ó. Ṣé lásán ni wọ́n á fún wa ní fèrè? Ilé bàbá la máa gbá."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ gbogbo wa létí. Kò sẹ́ni tó fún wa ní nǹkan lásán rí. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán ní í dá ìjà sílẹ̀. Wọn ò sọ pé ó tún ń gbé ìgbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tísà ti ṣáájú wa dé ibẹ̀. A tò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá, kálukú gbé ọwọ̀ léjìká. Èmi aṣáájú dọ̀bálẹ̀, mo na ọwọ̀ tèmi síwájú, ẹnu rẹ̀ sì gbá bàbá ní orúnkún. Bàbá fò dìde lórí àga.

"Ẹ tètè gbà á, kí ẹ fi nà án padà lẹ́ẹ̀méje," ìyàwó rẹ̀ wí, "kí agbára yín má baà lọ."

"Èwo ló kù níbẹ̀ tó fẹ́ lọ?" Bàbá yíjú sí mi. "Ta ló ní kí ẹ gbé ìgbálẹ̀ wá?"

"Tísà ni, sà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ọwọ̀ kò ní gba fèrè."

Tísà di orí mú. "Dò-dò ni mo wí," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dò-dò. Kì í ṣe re-dò."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí ohun tí a fẹ́ fi ọwọ̀ ṣe, tí mo ní ilé rẹ̀ la fẹ́ gbá kó tó fún wa ní fèrè, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ wa tí kò ní bàtà, ó wo tísà.

"Ẹ kó ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fọn èyí tí ẹ ní fún mi."

A fọn ún. Kò dùn. Síbẹ̀, ó ra fèrè fún gbogbo wa. Ìyàwó rẹ̀ ni kò rántí dá ọwọ̀ wa padà. Nígbà tí ìyá mi wá tirẹ̀ tì, ọwọ́ ló fi nà mí.

Tísà ti padà sílé tipẹ́. Fèrè mi ṣì wà. Nígbà tí tísà ṣì wà, ti ọmọ aláta fọ́, ó wá tọrọ tèmi kó fi kọ́ orin, mo ní tèmi nìkan ni. Kò wá síbi ẹ̀kọ́ mọ́. Mo máa ń fọn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Ó mọ́ tónítóní, kò sí adùn kankan lẹ́nu rẹ̀.