Tọ́bò Ìdí Ilẹ̀kùn

Irin kan wà ní ìdí ilẹ̀kùn pálọ̀ mi tí àwọn àlejò máa ń fi ẹsẹ̀ kọ. Ó ká roboto bí ìkarahun ìgbín ńlá, ó wúwo, ó sì ti dípẹtà. Òun ló ń di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Àwọn ọmọ mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí àwọn gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù títí n óò fi kú.

Tọ́bò lọ́rì wa ni. Èmi àti ọkọ mi la jọ ra lọ́rì náà, nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Mo jẹ́ tíṣà ní Adó, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́rì ń kó iṣu láti Ìyìn wá sí Ọjà Ọba, ó ń kó pákó lọ sí Ìbàdàn. Mo ti gba àyè ní yunifásítì nígbà náà, àdéhùn wa sì ni pé ohun tí lọ́rì bá ń pa wọlé ni yóò máa bọ́ ilé títí n óò fi kàwé tán, nítorí owó oṣù tèmi yóò dúró. Bí lọ́rì bá ń lọ, èmi náà ń lọ. Bó bá dúró, mo dúró. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo yọjú sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n kọ sí iwájú lọ́rì, ẹni tí kò fi nǹkan kan sí i. Ọkọ mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àgbà kì í wà nílé kí àbúrò kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ọkọ̀.

Iṣẹ́ tọ́bò ni kó máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, kí ọkọ̀ lè fi ẹrù gun òkè. Bó bá ń ṣiṣẹ́, a máa súfèé. Lọ́rì tó ń súfèé kò wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí náà, kí tiwa tó yọ ní kọ́nà Ìyìn ni àwọn obìnrin ti ń ṣu òṣùká. Afunfèrè ni wọ́n ń pè é.

Ọdún tí mo fẹ́ wọ yunifásítì yẹn, fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Inú gbogbo èèyàn dùn. Wọ́n ní Afunfèrè ti gba agbára sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Ọba, a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì mọ ohùn ohun èlò tí èémí rẹ̀ ń tán lọ. Ohùn náà ga, ó sì ń gbọ̀n. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, “Lọ́rì ń kọrin, ìwọ ní ó ń ṣàìsàn.” Kò pẹ́, èéfín rẹ̀ di aláwọ̀ aró, ó ń mu epo ẹ́ńjìnì bí ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé iṣu dé agbedeméjì òkè, kò sì lè gùn ún mọ́.

Èmi, ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti dẹ́rẹ́bà wa wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní ọ̀nà Ìkéré. Ó tú tọ́bò, ó fi ìka méjì mi ọ̀pá àárín rẹ̀, ọ̀pá náà ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ibi tí epo ń gbà kọjá nínú rẹ̀ dúdú, ó gan bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná.

“Ọ̀nà méjì ló wà,” ni mẹkáníìkì wí. “Mo lè pààrọ̀ inú rẹ̀, kó padà sí bó ṣe wà. Tàbí kí n gbé èyí sí i.” Ó tọ́ka sí òmíràn tó tóbi ju tiwa lọ dáadáa, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àjàgbé kan.

“Ṣé èyí ṣì ń gba ìbéèrè?” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. “Lọ́rì ọmọ Ìyìn kan ti ń bu eruku sí wa lójú lórí òkè. Ńlá ni kí o gbé sí i! Kí wọ́n máa gbọ́ fèrè ẹ̀ láàfin.”

Mo bi mẹkáníìkì pé kí ló jó epo mọ́ ibẹ̀.

“Bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù gun òkè dé, ìyá, tọ́bò á gbóná bí ààrò. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí epo fi tù ú lára. Tí wọ́n bá pa á lójú ẹsẹ̀, epo á dúró síbẹ̀, á jó.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn tó máa ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jáde bí lọ́rì bá ti dé Ọjà Ọba: “Pa á! Pa á! Dísẹ́ẹ̀lì ń jó dànù!” Dẹ́rẹ́bà tó dúró tì wá ń wo ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú epo dúdú ọgbà yẹn, pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí ilé ìwé. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá gbé ńlá sí i, tí a ṣì ń pa á bí a ṣe ń pa á, òun náà á jó. Ẹ́ńjìnì yìí sì ti gbó, èémí tó pọ̀ jù lè fọ́ ọ lórí. Ẹ jẹ́ kó tún èyí ṣe, kí a jáwọ́ nínú ‘pa á, pa á’.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà! Ṣé tọ́bò ni wọ́n kọ́ ọ ní tírénìn? Ìyàwó tá a gbé wọlé lánàá ló ń kọ́ wa ní ọkọ̀!”

Mo ti bí ọmọ mẹ́rin sílé yẹn. Àná rẹ̀ gùn púpọ̀. Ó wá yíjú sí dẹ́rẹ́bà: “Ìwọ lo jó tọ́bò mi!”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n—”

“Pa ẹnu ẹ dé!”

Gbogbo ojú yí sí ọkọ mi. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. “Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ,” ló wí, “abẹ ti gé e.”

Nígbà tí à ń padà sílé, ó ní, “Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ti ẹnu rẹ jáde.”

“Ẹnu ta ló yẹ kó ti jáde?”

“Ẹnu tèmi.”

“Kí ló wá dé tí n kò gbọ́ ọ?”

Ó ti pẹ́ tó ti kú báyìí, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò sì dáhùn títí tó fi lọ.

N kò ní purọ́: tọ́bò ńlá náà ṣiṣẹ́. Lọ́rì ń gun òkè bí ewúrẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ń jókòó síwájú lọ sí Ìyìn, ó ń juwọ́ sí àwọn tí kò kí i. Kí ìkórè tó parí, orí ẹ́ńjìnì sán lójú ọ̀nà Ìbàdàn pẹ̀lú ẹrù pákó. Nígbà tí wọ́n tú tọ́bò, epo ti ń jó mọ́ inú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n lé. Lọ́rì kò padà sójú ọ̀nà mọ́, mo sì jọ̀wọ́ àyè mi ní yunifásítì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó gba oyè yunifásítì, tí mo ń fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kàwé, láàárín àwọn tó ń pè mí ní màmá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ńlá sí i, mẹkáníìkì sọ ti àtijọ́ sínú koríko. Mo gbé e sínú báàgì tí mo fi ń kó ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì gbé e lọ sílé. Gbogbo ilé tí mo ti gbé ló ti bá mi dé.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí mi. Ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó fi ẹsẹ̀ kọ irin náà.

“Ìyàwó, kí lèyí?”

“Tọ́bò ni, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Tọ́bò kí ni?”

“Ti lọ́rì wa. Afunfèrè.”

Ó wò ó títí. “Mo rántí lọ́rì. Ṣé ó ní tọ́bò ni?”

Mo wá irọ́ ní ojú rẹ̀, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò pamọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá kún ẹnu mi, kò sì rí etí tí yóò wọ̀. Mo fún un ní àga, mo se iṣu fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó yìn mí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, ó tún fi ẹsẹ̀ kọ irin náà. N kò bá a sún un.