Mitsuno Tó Ṣí Òkun Lójú Ọkọ̀ Ogun

Ẹni tó bá rí ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ ogbó wọn, tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, kò ní gbà pé àwọn ni wọ́n wo ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi lójú tí wọn ò ṣẹ́jú. Mitsuno ni orúkọ wọn. Mo bá wọn gbélé títí wọ́n fi kú. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í bú mi, n ò sì tíì rí ẹni tí mo fẹ́ràn tó wọn.

Ní Funatsura, abúlé etí òkun tiwa, obìnrin ló ń mòòkùn. Ọkùnrin a máa wa ọkọ̀, a máa di okùn mú, àwa la ń lọ sísàlẹ̀ lọ já ewé òkun, tí a sì ń ká ìgbín òkun lára àpáta. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dédé wọ omi o. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, a ó dúró de àgbà obìnrin tí òkun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á gun orí àpáta, á ní, "Mo ṣí i." Òun náà ni yóò tún tì í, nígbà tó bá rí i pé ó yẹ kí èyí tó kù fi irú sílẹ̀. Olórí abúlé pàápàá kì í bá a jiyàn. Lásìkò ogun, ọwọ́ Mitsuno, ìyá wa, ni òkun wà.

Ogun ti dé ẹ̀yìnkùlé wa nígbà yẹn. Ìrẹsì ti di ohun tí à ń lá lálàá, ọ̀dùnkún là ń jẹ, nígbà tó yá, ewé rẹ̀ là ń sè. Àwọn ọkùnrin ti lọ, ọkọ tèmi náà ti lọ. Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ ogun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Wọ́n ní irú rẹ̀ pọ̀, pé gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan, orúkọ erékùṣù ni wọ́n sì fi ń sọ wọ́n. Irin méjì gbọọrọ wà ní ìdí rẹ̀ bí ojú irin rélùwéè. Orí irin yẹn ni àwọn ọmọ ogun ti ń ti àdó olóró sínú òkun, rìbìtì bí ìkòkò, kí ọkọ̀ ọ̀tá lè wá kọlù ú. Adìẹ làwa obìnrin ń pè é, nítorí ẹyin tó ń yé kò ṣeé jẹ.

Kuwabara ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì le. Ó pe abúlé jọ, ó ní òkun ti di títì, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi títí ogun yóò fi parí, kí ẹyin tí ọkọ̀ rẹ̀ yé má bàa bú mọ́ wa lórí. Olórí abúlé tẹríba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìyá wa ò tẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ọ̀gá ní kí a fara dà á nítorí ilẹ̀ baba wa. Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́ làwọn bi í, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni.

Nígbà tí ọjọ́ tí a ń ṣí òkun pé, àwọn ọmọ ogun ti tò sí etí omi. Ìyá wa bọ́ aṣọ níwájú wọn. Ìbàntẹ́ funfun nìkan la fi ń mòòkùn, aṣọ iṣẹ́ wa nìyẹn. Gbogbo wa bọ́. Àwọn ọmọ orí òkè ni àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ wa, wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ńṣe ni wọ́n kọjú sí òkè, tí etí wọn pọ́n. Ìyá Ushi, ọ̀rẹ́ ìyá wa, bi ọ̀kan pé ṣé ẹ̀wù ni ìyá rẹ̀ wọ̀ bí i ni.

Ìyá wa gun àpáta. "Mo ṣí i."

Ìyá wa kìlọ̀ fún wa pé kí a má kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, nítorí ọkọ̀ ńlá kì í wọ inú ibẹ̀, kò sì lè yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Mo wọ omi ṣá.

Kí oòrùn tó kan orí, Kuwabara ti dé, ó sì ní kí wọ́n mú ìyá wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nílùú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ kejì, a tún wọ omi. Ó yìnbọn sókè. Lábẹ́ omi, ìró ìbọn ò ju kí wọ́n kan ilẹ̀kùn aládùúgbò lọ. Nígbà tí a jáde, ó pariwo lé wa lórí pé òun ti ti òkun.

Ìyá Ushi nu omi kúrò lójú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹni tó ṣí i ló ń tì í. Ẹ̀yin náà lẹ sì mú un lọ."

Kuwabara wo olórí abúlé. Olórí abúlé wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Kí ni yóò ṣe? Kò lè kó gbogbo ìyá ọlọ́mọ sí àtìmọ́lé. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gan-an ti ń gba ewé òkun lọ́wọ́ wa fún ọbẹ̀ wọn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó mú ìyá wa padà wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, eyín iwájú kan ti lọ. Ó mú wọn dúró níwájú gbogbo wa.

"Ìyá, ẹ tì í, kí ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ ò bá tì í, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ lẹ ń padà sí."

Ìyá wa wo àwọn ewé tí a sá sórí okùn. Okùn náà kò tíì kún ìdajì. Wọ́n wo àwọn ọmọdé tí ọrùn wọn ti rí tín-ín-rín. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí Kuwabara.

"Kò tíì tó, ọmọ mi. Mú mi máa lọ."

Ọ̀gá ò mú ọwọ́ náà. Ó ní bí ẹyin bá bú mọ́ wa, kí ẹnikẹ́ni má sunkún tọ òun wá. Ìyá wa ní, "Bí omi bá pa wá, ibi iṣẹ́ la kú sí. Bí ebi bá pa wá lójú ẹ ńkọ́?"

Kuwabara yíjú padà sí ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀.

Ìyá wa bọ́ aṣọ. Wọ́n bi wá pé kí la dúró wò, ṣé ewé ni yóò fẹsẹ̀ rìn wá bá wa ni? Wọ́n sì wọ omi.